Mẹ́kà Tí Ọkọ Mi Lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú pé n kò kí yín kíkí gígùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn kì í pẹ́ nídìí ìkíni. Náṣíwà ni orúkọ mi. Ìsìmáílíyà ni mò ń gbé, aṣọ iléèwé ni mo sì ń rán jẹun. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí kò tíì pẹ́ tó ṣẹlẹ̀. Ó ṣì ń ta mí bí egbò tuntun.

Opó ni mí nígbà tí Bákírì rí mi. Ó ní òun ló ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ṣe lórí odò Náílì lọ́hùn-ún, ní ilẹ̀ Sàídì, lápá gúúsù orílẹ̀-èdè wa. Ó ní òun ò ní bàbá, òun ò ní ìyá, òun ò láya, òun ò lọ́mọ.

Mo ní, "Ṣé inú ihò àpáta lo ti jáde ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi.

A ṣègbéyàwó lọ́sẹ̀ Iléyá, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Gbogbo oṣù yẹn ló lò lọ́dọ̀ mi, kò jáde lọ síbì kankan. Ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó ra fíríìjì, ó ra maṣíìnì ìránṣọ kejì fún mi. Mo bi í pé níbo ló ti rí irú owó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun lórí ọkọ̀ ló ta òun lọ́rẹ. Mo gbàdúrà fún ọ̀gá náà, ẹ ò rí i bí mo ṣe gọ̀ tó!

Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Bó bá ń bọ̀, á mú búrẹ́dì oòrùn wá, èyí tí àwọn ará Sàídì máa ń tẹ́ sínú oòrùn kó lè wú kí wọ́n tó yan án. Á tún mú oyin dúdú tí wọ́n fi ìrèké sè dání. Ó ní Kọ́mù Túùtù lòun ti ń rà á, ìlú kékeré kan létí odò tí ọkọ̀ àwọn máa ń dúró sí ní gbogbo Ọjọ́rú. Ó ní ìyá arúgbó kan ló ń tà á níbẹ̀.

Nígbà tó wá pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé iṣẹ́ pọ̀, òun ò ní lè wálé lóṣù yìí, mo ní kí n lọ yà á lẹ́nu. Mo sọ fún àǹtí mi. Àǹtí mi wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Náṣíwà, obìnrin kì í ṣèbẹ̀wò òjijì sọ́kọ lọ́nà àjò. Ohun tó o bá bá níbẹ̀, kó o má sunkún wá bá mi o."

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ bá? Ẹ̀rọ ọkọ̀ àti gíríìsì ni."

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin kí n lè débẹ̀ ní Ọjọ́rú, mo sọ̀kalẹ̀, mo tún wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn sọdá odò. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà bi mí pé ta ni mo wá kí ní Kọ́mù Túùtù. Mo ní kò sẹ́nì kankan, mo kàn wá wo ìlú wọn ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìlú wo? Ìrèké ni, ẹyẹlé ni, ìrèké tún ni. Mo ti mú ọ wò ó tán. Ṣé kí n dá ọ padà?"

Ọkọ̀ ti Bákírì kò tíì dé. Mo wá ń rìn kiri bí àlejò, mò ń wo àwọn ilé alámọ̀ ní etí odò, mo sì ń kí àwọn obìnrin tó ń fọ àwo. Ibẹ̀ ni mo ti rí ilé aláwọ̀ búlúù kan. Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ Sàídì, bí ẹnì kan bá ti Mẹ́kà dé, wọ́n máa ń ya ìrìn àjò rẹ̀ sára ògiri ilé rẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé Alájì ń bẹ níbẹ̀. Kábà wà lára ògiri yìí, bàlúù wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kábà, wọ́n ya ọkọ̀ òkun ńlá kan tó ń rìn lórí iyanrìn, wọ́n sì ya igi máńgòrò mẹ́ta tó so wọ̀ǹtìwọnti.

N kò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan tó ń yan búrẹ́dì níwájú ilé náà gbójú sókè. "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, àlejò?"

"Ẹ má bínú, máńgòrò yìí ni o. Ta ló gbin máńgòrò sí Mẹ́kà?"

"Ọkọ mi ló fojú ara rẹ̀ rí i. Bó ṣe ròyìn rẹ̀ ni oníṣẹ́ ọnà ṣe yà á. Ìwọ ti dé Mẹ́kà rí?"

"Rárá o."

"Ó dáa. Jẹ́ kí ẹni tó débẹ̀ sọ̀rọ̀."

Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Náásà lorúkọ rẹ̀, Ìyá Hífínì ni ará àdúgbò ń pè é, nítorí Hífínì àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Káírò. Ó ní kí n wọlé wá jẹun. Mo kọ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Ó tún pè mí, mo tún kọ̀. Nígbà tó fi ẹ̀mí bàbá rẹ̀ búra, mo bọ́ bàtà.

Bí mo ṣe fẹ́ wọlé ni mo rí ohun tí wọ́n kọ sókè ilẹ̀kùn: *Alájì Bákírì, kí Ọlọ́run gba ìrìn àjò rẹ̀.* Wọ́n kọ ọdún rẹ̀ sábẹ́. Ọdún tí a ṣègbéyàwó ni.

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Mo bá ara mi wí. Bákírì mélòó ló wà ní Sàídì? Ẹni mélòó ló lọ Mẹ́kà lọ́dún yẹn? Mo ní kí Èṣù jáde lọ́kàn mi.

Bàbá Náásà wà nínú ilé, ó jókòó sórí àga gígùn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bàbá Dàrídírì ni wọ́n ń pè é, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Náásà gbé búrẹ́dì oòrùn, wàrà àti oyin dúdú síwájú mi. Mo fi kan ẹnu. Adùn tí mo mọ̀ ni.

Mo ní, "Ìyá Hífínì, ẹ mà kú oríire Mẹ́kà ọkọ yín o."

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi gan-an ló yẹ kí n bá a lọ, àbúrò mi. Ilẹ̀ ọ̀pẹ bàbá mi tó wà létí odò la tà. Ẹnì kan ṣoṣo lowó rẹ̀ tó gbé lọ. Mo ní kó máa lọ, kó bá mi dárúkọ mi níwájú Kábà. Ó bá àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àtìgbà náà ni mo ti ń retí tèmi."

"Ṣé ẹ rí fọ́tò tó yà lọ́hùn-ún?"

"Olè jí fóònù rẹ̀ níbi tó ti ń yí Kábà po. Ìwọ wo irú olè tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run!"

Bàbá gbé ojú rẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ mi. "Ohùn àlejò wa kì í ṣe ti ìhín. Níbo ni, ọmọ mi?"

"Ìsìmáílíyà ni, Bàbá."

"Ó jìnnà. Èmi kò dé ibì kankan láyé mi, ṣùgbọ́n mo mọ Mẹ́kà ju ọ̀nà oko mi lọ. Bí Bákírì bá ti wálé, ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kó má ròyìn rẹ̀ fún mi. Jìdá tó wà létí òkun ló kọ́kọ́ wọ̀ sí, nínú ilé opó kan. Ilé náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ ewé lókè. Igi máńgòrò mẹ́ta wà nínú ọgbà. Ó ní téèyàn bá dúró lẹ́yìnkùlé, yóò máa wo ọkọ̀ òkun ńláńlá tí wọ́n ń kọjá lẹ́yìn òrùlé bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn. Ọkùnrin kan sì wà lókè tó ń sin ẹyẹlé. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á máa pariwo sí wọn pé, 'Ẹ̀yin olè, ẹ wálé wá sùn!'"

Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọgbẹ́ni Sídíkì ló ń sin ẹyẹlé lókè ilé mi. Bó ṣe ń bú wọn nìyẹn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ayé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ìsìmáílíyà, ẹ mọ̀ pé odò Súẹ́sì tí wọ́n gbẹ́ gba inú aṣálẹ̀ kọjá lẹ́yìn ilé wa, ẹ sì mọ bí ọkọ̀ òkun ṣe máa ń rí lójú ẹni tí kò rí omi abẹ́ rẹ̀. Ilé mi ni bàbá ń ròyìn. Lẹ́nu ọkọ mi, ilé mi ti di Mẹ́kà.

 Bàbá kò mọ nǹkan kan, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Náásà, gbé aṣọ mi wá kí àlejò fọwọ́ kàn án, kó fi gba ìbùkún."

Náásà fa àpótí kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ funfun ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a dáadáa, tùràrí ń ta sánsán lára rẹ̀. Aṣọ tí wọn yóò fi sin bàbá ni. Ó ní jálá omi Sàmúsámù kan ni Alájì gbé bọ̀ láti Mẹ́kà. Àwọn kò mu nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ làwọn rẹ aṣọ ìsìnkú bàbá sí, àwọn sì sá a sínú oòrùn níwájú ilé, gbogbo àdúgbò wá ń fi ojú kàn án.

Bàbá ní, "Bí mi ò tilẹ̀ dé Mẹ́kà, omi Mẹ́kà ni mo máa wọ̀ lọ bá Ọlọ́run mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rántí jálá yẹn. Funfun ni, ọmọrí rẹ̀ pupa. Lọ́jọ́ tí Bákírì fẹ́ padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ó bu omi sínú rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi inú kíṣìnnì mi. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ẹ̀rọ ọkọ̀ àwọn kì í fẹ́ omi odò. Èmi ni mo bá a dé ọmọrí náà pa.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé kí n máa lọ. Kí n dúpẹ́ oúnjẹ, kí n gba etí odò, kí n dúró de Bákírì níbẹ̀, kí n sì mú un lọ sílé mi títí láé. Tèmi ni, àbí? Èmi ló ń wá bá ní gbogbo ìgbà tó bá purọ́ fún wọn. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo aṣọ tí Náásà tẹ́ sórí itan bàbá.

Ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni fèrè ọkọ̀ dún lórí odò.

Ojú Náásà tàn. "Alájì ti dé!" Ó sáré bọ́jú, ó sáré lé tìróò. Ìyẹn dùn mí ju orúkọ tó wà lókè ilẹ̀kùn lọ, nítorí bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Bákírì wọlé tòun ti àpò lọ́wọ́. Ó rí mi. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ lójú rẹ̀, mo rí i. Mo ń retí orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀. Ì báà fi ìbínú pè é, mo ń retí rẹ̀.

Náásà ní, "Alájì, àlejò wa rèé, láti Ìsìmáílíyà."

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, arábìnrin. Ilé yín nìyí. Ìsìmáílíyà! Mi ò débẹ̀ rí."

Ọkọ mi ló ń kí mi bẹ́ẹ̀.

Náásà lọ gbé tíì. Bí ó ṣe jáde ni Bákírì kúnlẹ̀ síwájú mi. Kò lè sọ̀rọ̀, nítorí etí bàbá mú. Ó pa ọwọ́ pọ̀. Ó fi ìka bo ẹnu. Ó nawọ́ sí bàbá, ó mi orí, bí ẹni ń sọ pé, bó o bá sọ ọ́, o pa á. Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó nawọ́ sí àyà ara rẹ̀: máa lọ, mò ń bọ̀. Bàbá afọ́jú jókòó láàárín wa, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ọkọ ọmọ òun ti dé.

Mo mi orí fún Bákírì pé mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mo gbà láti dákẹ́. Kì í ṣe nítorí rẹ̀. Nítorí aṣọ funfun yẹn ni.

Náásà gbé tíì dé. Bákírì ti padà sórí àga.

Bàbá ní, "Bákírì, ròyìn Mẹ́kà fún àlejò. Èmi ti gbìyànjú, ẹnu tèmi ò dùn tó."

"Bàbá, ó rẹ̀ mí."

"Mẹ́kà kì í rẹ ẹni tó dé ibẹ̀."

Náásà jókòó tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, Alájì. Ẹ sọ ti ilé opó yẹn, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Bákírì bẹ̀rẹ̀. Òógùn ń kán lára rẹ̀, kò wo ojú mi. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ ń dùn sí i. Irọ́ ti mọ́ ọn lára débi pé ó ń gbádùn rẹ̀ níwájú mi! Ó sọ ti ọkọ̀ òkun, ó sọ ti ẹyẹlé.

Ó wá ní, "Opó tó nilé yẹn, ìyá arúgbó kan ni. Eyín rẹ̀ ti ká tán. Bí ìyá ló ṣe ṣe mí, kò gba kọ́bọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò mẹ́ta yẹn ló máa ń jókòó sí…"

Mi ò mọ̀ pé ẹnu mi ti là.

"Igi méjì ni," mo wí. "Ìwọ fúnra rẹ lo gé ìkẹta, o ní ó ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Opó yẹn kì í sì í ṣe arúgbó, Bákírì. Eyín rẹ̀ pé."



Náásà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wò mí. "Àbúrò mi, ta ni ọ́?"

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí, Ìyá Hífínì. Láti Iléyá tó ní òun lọ Mẹ́kà. Òun náà ló sọ fún mi pé òun ò láya rí."

Bákírì fò dìde. "Orí rẹ̀ ti yí! Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ ọ́n rí!"

Náásà kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Kò bi mí nípa ìgbéyàwó, kò bi mí nípa owó ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi mí.

"Omi ńkọ́?"

Mo wo bàbá. Mo wá irọ́ kan tí mo lè fi bo bàbá náà láṣìírí, mi ò rí. 

Bàbá ní, "Sọ ọ́, ọmọ mi. Etí nìkan ló kù mí kù."

"Omi ẹ̀rọ ni, Bàbá. Kíṣìnnì mi ló ti bù ú."

Náásà fi ìborùn bo ojú rẹ̀. Bàbá kò ké, kò bú èèyàn. Ó ń fi ọwọ́ pa aṣọ náà, ó ń pa á bí ẹni ń wá nǹkan kan tó bọ́ sọ nù nínú rẹ̀.

Ó ní, "Bákírì, bó o bá ń ròyìn, èmi a máa ṣe àmín. O ní o dárúkọ ọmọ mi níwájú Kábà, mo ṣe àmín. O ní o gbàdúrà fún ojú mi, mo ṣe àmín. Gbogbo àmín yẹn, níbo ni wọ́n lọ?"



Bàbá na aṣọ náà sí i. "Gbà. Ìwọ lo bu omi rẹ̀. Ìwọ ni kó o wọ̀ ọ́."

Mo jáde. Náásà bá mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó di búrẹ́dì fún mi. Mo ní n kò lè gbà á, ojú ń tì mí.

Ó ní, "Gbà á. Àlejò mi ni ọ́, ìwọ kọ́ lo tàn mí. Fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ."

Bákírì sáré bá mi létí odò. "Náṣíwà, nítorí rẹ ni mo ṣe ṣe é! Ìwọ ni mo fẹ́!"

"Nítorí mi? Níwájú wọn, o ò mọ̀ mí rí. Lẹ́yìn mi, ìyá arúgbó ni mí. Lọ sílé, Alájì."

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀yàyà rẹ̀ àárọ̀ ti tán. Ó kàn na ọwọ́ sí mi, ó fà mí wọ inú ọkọ̀, ó sì tù ú lọ.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́ tèmi. Ọkùnrin tó bá ní òun ò lẹ́nìkan láyé, ẹ má ṣe káàánú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wádìí rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń fi pa mọ́. Mo pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn mi, mo gba ilé ẹjọ́ lọ, mo ní kí wọ́n tú wa ká. Kò wá kanlẹ̀kùn, kò pè mí. Mo ní ó ti lọ dọ̀bálẹ̀ fún Náásà nìyẹn, wọ́n ti gbà á padà. Inú bí mi, mi ò ní parọ́. Mo ń rò ó bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná ní ilé aláwọ̀ búlúù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Náásà pè mí. Ó ní bàbá ti kú. Ó ní aṣọ tuntun láti ọjà, tí omi kankan kò kàn, ni bàbá ní kí wọ́n fi sin òun. Bàbá ní òun yóò kúkú sọ fún Ọlọ́run pé òun ò dé Mẹ́kà.

Mo sunkún. Mo kí i kú ará fẹ́ra kù.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Náṣíwà, mi ò bínú sí ọ o. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó o ti jẹ́ kó wá síbi ìsìnkú. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀."

Mo ní, "Kí n jẹ́ kí ta ni wá?"

"Bákírì. Àbí kò sí lọ́dọ̀ rẹ? Ọjọ́ tó o lọ gan-an ló ti kúrò níhìn-ín."

"Ìyá Hífínì, mi ò fojú kàn án láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀dọ̀ yín ni mo rò pé ó wà."

 Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lórí fóònù, ó ń gbọ́ tèmi.

Nígbà tó ṣe, Náásà ní, "Àbúrò mi, ta ló wá ń ròyìn Mẹ́kà fún báyìí?"